Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Dà Á Nù

Ìbàdàn, Mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, ọ̀dọ̀ rẹ ni mo gbé ẹjọ́ yìí wá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, Adamu Adamu, pàṣẹ fún NERDC, àwọn tí ń ṣètò ohun tí a ń kọ́ ọmọ nílé ìwé, pé kí wọ́n yọ ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ kúrò, kí a fi í sílẹ̀ fún ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Mo ní àṣẹ náà kò tọ̀nà rárá. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ta ni ó bi àwọn ọmọ léèrè kí ó tó dájọ́?

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń lé yìí kì í ṣe àjèjì. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní 2001. Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n bu díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ẹ̀kọ́ Ìgbé Ayé Ẹbí àti HIV ní 2003. Níhìn-ín gan-an, ARFH, àjọ tó ń rí sí ìlera ìbímọ, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládàpọ̀ Ládipọ̀ àti Ìyáàfin Grace Délànọ̀ dá sílẹ̀ ní 1989, ti gbé irú rẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama kí ọdún 2000 tó dé.

Wọ́n ní ilé ni kí ọmọ ti gbọ́ ọ. Ilé wo? Nínú agbo ilé Bẹ́yẹrúnkà àtijọ́, ìyá àgbà kò kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọbìnrin kò sì ní dá nìkan rí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ láìsí ẹni tí yóò fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ìyá òde òní, tí ó jí ní ìdájí, tí ó gbé igbá lọ sí Ọjà'ba, tí ó sì gba ẹsẹ̀ òkè Mápó wálé nígbà tí ojú títì ti dá, ìgbà wo ni ó fẹ́ ráyè? Bí ó bá tilẹ̀ ráyè, ohun tí wọ́n sọ fún òun náà ni yóò sọ: bí ọkùnrin bá fọwọ́ kàn ọ́, wàá lóyún. Ọmọ náà yóò dé kíláàsì, ọwọ́ ọkùnrin yóò kàn án, oyún kò ní dé, yóò sì mọ̀ pé irọ́ ni ìyá òun pa. Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀rọ̀ ta ni yóò tún gbà gbọ́?

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí a bá sọ ọ́, ọmọ yóò lọ ṣe é. UNESCO kó ìwádìí púpọ̀ jọ láti ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ohun tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2018 ni pé ẹ̀kọ́ yìí kì í mú kí ọmọ yára lọ bá ẹlòmíràn lò pọ̀.

N kò ní ètò náà kò lábùkù o. Èyí tí ó dùn mí jù ni ọ̀nà tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: olùkọ́ mélòó ni ó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìwé mélòó ni a pín. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni kí ẹ bi! Ǹjẹ́ ó mọ nǹkan oṣù kí ó tó rí i? Ǹjẹ́ ó mọ ẹni tí òun yóò sá tọ̀ bí alájọgbélé bá ń fọwọ́ pa á lára? Ẹ bi í kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tún bi í lẹ́yìn ọdún kan.

Ní 1853, nígbà tí míṣọ́nárì David Hinderer gbé ẹ̀kọ́ ìwé wọ ìlú yìí, Olóyè Olúnlọ́yọ̀ọ́ fa ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, lé e lọ́wọ́. Ẹ̀yin òbí Bẹẹrẹ àti Mápó, ẹ ṣe bíi tirẹ̀: ẹ jẹ́ kí ọmọ yín jókòó sínú kíláàsì náà títí sáà kan yóò fi parí, kí ẹ wá pè é jókòó, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti ẹnu òun fúnra rẹ̀.