Ọkọ̀ tí ń Gbọ̀n: Ọ̀rọ̀-Ìperí Kan Ṣoṣo Kò Tó

Ìdí pàtàkì tí a fi ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni pé kí ẹni tó gbọ́ Yorùbá lè fi èdè rẹ̀ ronú, kí ó sì lè fi í ṣiṣẹ́. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ tuntun bá pa ìyàtọ̀ tí èdè wa ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ rẹ́, ìfàsẹ́yìn ni a fi ọwọ́ ara wa rà. Ọ̀ràn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ń gbọ̀n lórí eré ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹnì kan tí ń gbé Ṣáṣá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Láti Ṣáṣá dé Ọ̀jọ́ọ̀ kò jìnnà, ọkọ̀ rẹ̀ sì ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó bọ́ sí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí a ṣí ní 1978. Bí eré rẹ̀ ti ń súnmọ́ kìlómítà 100 ní wákàtí kan, gbígbọ̀n bẹ̀rẹ̀. Ó dẹ eré, ó dẹ́kun. Ó tọ mẹkáníìkì lọ, ó ní, ‘Ọkọ̀ mi ń gbọ̀n.’ Mẹkáníìkì pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, kò tán. Ó pààrọ̀ ohun tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, kò tán. Owó lọ, àrùn kò lọ. N kò rò pé mẹkáníìkì nìkan ni ó jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ tí a fi ròyìn àìsàn náà fún un kò sọ ibi tí ó ti ń dunni.

Bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀. Bí sítíárì bá ń jó lọ́wọ́ awakọ̀, ẹsẹ̀ iwájú ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ pé àga ni ó ń mì nídìí ẹni, tí sítíárì sì dákẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni, tàbí ṣáàfù, bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ irú èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì. Èyí tí ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ kìkì nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, irin pẹlẹbẹ tí bíréèkì ń fún mọ́ ni kò nípọn dọ́gba mọ́. Èyí tí ń gbọ̀n nígbà tí a bá tẹná, tí ó sì ń dẹ́kun nígbà tí a bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, oríkèé ṣáàfù ni kí a fura sí. Bí a bá sì yọ ọkọ̀ kúrò nínú jíà lórí eré, tí gbígbọ̀n kò yí padà, a mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Jó, mì, gbọ̀n pẹ̀pẹ̀: bí a bá pinnu ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò máa dúró fún, ìdajì àyẹ̀wò ti parí. Ó rọrùn láti kọ ‘ìgbọ̀nrìrì’ sínú àtẹ ọ̀rọ̀-ìperí, kí a sì kọjá lọ.

Ohun tó wọ́pọ̀ jù tí ń fa gbígbọ̀n orí eré ni àìdọ́gba ìwúwo ẹsẹ̀ ọkọ̀. Yíyípo táyà ọkọ̀ kékeré kan tó nǹkan bíi mítà 2. Lórí eré kìlómítà 100, yóò yí tó ìgbà 14 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ̀gbẹ́ kan ríìmù bá fi gíráàmù 30 péré wúwo ju èkejì lọ, agbára tí yóò máa fi fa ẹsẹ̀ náà yóò tó ìwúwo kìlógíráàmù 4 àti ààbọ̀, nígbà 14 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá. Lórí eré kìlómítà 50, agbára yìí kò ju ìdá mẹ́rin rẹ̀ lọ, nítorí pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára a di ìlọ́po mẹ́rin. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tí ń fì ni ó ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹni tí ń ti ọmọdé lórí okùn mọ̀ pé bí òun bá tì í ní àkókò tó yẹ, títì díẹ̀ yóò gbé ọmọ náà ga sókè. Nígbà tí yíyí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá bá ìwọ̀n fífì ara ọkọ̀ mu, gbígbọ̀n a pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí òmíràn fi ń bẹ̀rẹ̀ ní 90 tí ó sì ń rọlẹ̀ lẹ́yìn 110. N ó pe èyí ní ‘ìbágbọ̀n’.

Lágbègbè oko wa, òjò nìkan tó láti dá irú àìdọ́gba bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Amọ̀ tó gbẹ mọ́ inú ríìmù ju gíráàmù 30 lọ dáadáa, omi àti búrọ́ọ̀ṣì sì ni oògùn rẹ̀. Kòtò ọ̀nà náà a máa tẹ ríìmù, a sì máa já òjé kékeré tí a fi mú un dọ́gba dànù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe iṣẹ́ méjì ní aláìnmẹ́ǹtì. Mo dábàá ‘ìmúwúwodọ́gba’ fún èyí tí a ń fi òjé ṣe, àti ‘ìmútọ́’ fún èyí tí a fi ń tún ìdojúkọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe. (Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di ‘ìtọ́jú’!) Ọkọ̀ tí kò ní ìmútọ́ a máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, a sì máa jẹ táyà, kì í sábà gbọ̀n. Ẹni tí ó san owó ìmútọ́ nítorí pé sítíárì ń jó ti fi owó ṣòfò. Ní ti táyà, ríìmù àti bíréèkì, kí a fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti di tiwa.

Ìyàtọ̀ tó kẹ́yìn ni ó lè gba ẹ̀mí. Gbígbọ̀n tí ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ó ń le sí i lójoojúmọ́, tí a sì wá ń gbọ́ ọ lórí eré kékeré pàápàá, ó lè jẹ́ pé wáyà inú táyà ti ń yapa kúrò lára rọ́bà. Táyà bẹ́ẹ̀ a máa yọ gẹ̀gẹ̀ lójú tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì lè bẹ́ lórí eré. Táyà tòkunbọ̀ tó ti gbó ni ó léwu jù. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára rẹ̀ ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀, bí 2318 ti túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2018. ‘Ìgbọ̀nrìrì’ yóò pe èyí àti amọ̀ inú ríìmù ní orúkọ kan náà.

Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lé èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ti ẹ̀rọ kù sí wa lọ́wọ́. Kí àwọn tí yóò ṣe é tó gbé àtẹ wọn lọ fún òǹtẹ̀wé, kí wọ́n kọ́kọ́ kà á sókè létí àwọn tí ń tún ọkọ̀ ṣe ní Ọ̀jọ́ọ̀, kí wọ́n sì ní káwọn náà fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lára ọkọ̀.