Ìdọ̀bálẹ̀ rọrùn, dídìde ló ṣòro

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí ti wà lọ́kàn mi láti oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, ojú ló ń tì mí.

Àbúrò mi ọkùnrin ṣe ìdána n'Íbàdàn, mo wá owó tíkẹ́ẹ̀tì, mo kúrò ní Leeds, mo lọ. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: alága ìjókòó ní kí ọkọ ìyàwó àtàwọn ará ilé ẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. A dọ̀bálẹ̀. Ó ní kò tíì tó, a tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn yòókù dìde, èmi ò dìde. Ẹ̀yìn mi ti há, orúnkún ò gbé mi, ọwọ́ tí mo fi ti ilẹ̀ ń gbọ̀n. Alága gbé máìkì sẹ́nu, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ọkọ ti sùn lọ o! Ẹ bá wọn gbé ìrọ̀rí wá." Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún 36 ni mí.

Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dalẹ́, wọ́n pè mí sí yàrá, wọ́n ní, "Bí ti bàbá ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn." Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo wa la mọ ìyókù: ẹ̀jẹ̀ ríru, lẹ́yìn náà rọpárọsẹ̀, lẹ́yìn náà ọdún méjì gbáko tí bàbá wa ò lè dìde lórí àga àfi kí ẹnìkan fà wọ́n.

Ẹ sì wò ó o, kí ìyá mi tó sọ̀rọ̀, gbogbo ẹni tó rí mi láti pápákọ̀ òfuurufú ló ń yìn mí. "Òyìnbó ń tọ́jú ẹ!" "Ikùn ẹ ti jọ ti olówó!" Àwa Yorùbá ń bẹ̀rù ẹni tó bá rù, bí èèyàn bá tinú ìlú òyìnbó rù wálé, wọ́n á ní ìyà ń jẹ ẹ́ lọ́hùn-ún. Mo gbádùn ìyìn yẹn, mi ò ní purọ́.

Mò ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó lópin ọ̀sẹ̀, bí ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń kàwé níbí ṣe ń ṣe. Iṣẹ́ yẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìyá mi wọ̀ mí lára. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀, orí wọn pé ju tèmi lọ; àwọn kan lè ka orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù Leeds United ayé Don Revie fún yín láì fo ẹnìkan. Ohun tó gbé wọn débẹ̀ ò ju pé lọ́jọ́ kan, wọn ò lè dá dìde mọ́: lórí àga, nílé ìyàgbẹ́, tàbí nílẹ̀ níbi tí wọ́n ṣubú sí. Sátidé àkọ́kọ́ tí mo padà dé, mo ń fa bàbá ẹni ọdún 84 kan dìde, ló bá ṣe mí bíi pé ìyàtọ̀ àárín wa ò tó nǹkan mọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, nọ́ọ̀sì wọn BP mi, ó bá 146 lórí 93. Láti 140 lórí 90 sókè ni wọ́n ti ń pè é ní gíga níbí.

Èrò tèmi nìyí: a ti gbé ọ̀rọ̀ ìlera lé òṣùwọ̀n àti gíìmù lọ́wọ́ jù. Èmi náà sanwó gíìmù ọdún kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo débẹ̀. Àwọn tó ń ta tíì tó ń fa ikùn wọlé ńkọ́? Ilé ìyàgbẹ́ nìkan ni tíì yẹn mọ̀. Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi ara wa ni pé, ṣé mo lè jókòó sílẹ̀ kí n sì dá dìde?

Mi ò dá a rò o. Dókítà Claudio Gil Araújo àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Rio de Janeiro, ní Brazil, gbé ìwádìí kan jáde ní 2012 lórí èèyàn 2,002 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 51 sí 80. Wọ́n ní kí kálukú jókòó sílẹ̀, kó sì dìde. Máàkì 5 ni jíjókòó, 5 ni dídìde. Bí o bá fi ọwọ́ tàbí orúnkún tilẹ̀, ọ̀kan lọ. Bí o bá ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ààbọ̀ lọ. Àwọn tí máàkì wọn kéré ló kú jù láàárín ọdún tí wọ́n fi ń ṣọ́ wọn. Kì í ṣe pé ilẹ̀ ní oògùn ẹ̀mí gígùn nínú. Ara tó bá lè ṣe é ti ní agbára, ó rọ̀, ó sì lè dúró láìṣubú, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò, 4 ni mo gbà nínú 10.

Òmíràn ti pẹ́ jù ìyẹn lọ. Ní 1953, Jerry Morris àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kọ ọ́ sínú The Lancet pé lórí àwọn bọ́ọ̀sì alájà méjì London, àrùn ọkàn ń ṣe àwọn awakọ̀ ju àwọn kọ́ńdọ́ tó ń gba owó lọ. Bọ́ọ̀sì kan náà, ojú ọ̀nà kan náà. Awakọ̀ ń jókòó, kọ́ńdọ́ ń gun àkàsọ̀ lọ gun àkàsọ̀ bọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Awakọ̀ làwa akẹ́kọ̀ọ́ PhD, bọ́ọ̀sì tiwa ò kàn kúrò lójú kan ni.

Ẹní tí ìyá mi ká sínú ẹrù mi ni mo tẹ́ sí pálọ̀. Lálẹ́, ilẹ̀ ni mo ti ń kàwé. Ilẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn jókòó gẹlẹtẹ: láìpẹ́ ẹsẹ̀ á kú, wàá ká a, wàá nà án, òùngbẹ á gbẹ ẹ́, wàá dìde. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo ka iye ìgbà tí mo dìde, ó jẹ́ 14. Láàárọ̀, kí omi tó hó nínú kẹ́tùlù, mo ń lóṣòó, mo di etí síńkì mú. Mo ń fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri bí ẹni fẹ́ wó ilé, ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Bí mo bá ń fọ eyín, ẹsẹ̀ kan ni mo fi ń dúró. Gbogbo ẹ̀ láàárọ̀ ò ju ìṣẹ́jú 12. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà fi ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀ ṣe ìdárayá tó ń mú èémí yára díẹ̀. Èmi ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí yunifásítì, mo ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, ìṣẹ́jú 40 lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́rin ti kọjá iye yẹn.

Ìyá ìyá mi n'Ísẹ́yìn, orí àpótí ni wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́, ilẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, títí wọ́n fi lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. (Mi ò ní ká padà sáyé àtijọ́ o. Ìgbálẹ̀ kúkúrú yẹn fìyà jẹ ẹ̀yìn wọn gan-an.)

Oúnjẹ ńkọ́? Wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi iyán àti èbà sílẹ̀ pátápátá. Èmi ò gbà. Màmá jẹ iyán lẹ́yìn tí wọ́n ti oko dé. Èmi ń jẹ ẹ́ ní aago mẹ́wàá alẹ́ lẹ́yìn tí mo ti jókòó fún wákàtí 11. Iyán ò ṣẹ̀ mí, èmi ni mo ṣẹ iyán. Ní báyìí òkèlè mi ò ju ìkúùkù mi lọ, ọ̀sán ni mo ń jẹ ẹ́, ẹ̀fọ́ ló sì ń pọ̀ nínú àwo. Ẹ̀fọ́ inú yìnyín ilé ìtajà wọn níbí náà ṣeé rò, kò gbówó lórí. Ẹ̀wà olóyin ni mò ń jẹ lálẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Màgí ló ṣòro jù fún mi. NHS ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má ju gíráàmù 6 lọ lóòjọ́, bíi ṣíbí tíì kan, tòun ti èyí tó wà nínú búrẹ́dì àti núdù. Ìkòkò ọbẹ̀ mi tẹ́lẹ̀, màgí mẹ́rin. Irú, edé àti àlùbọ́sà tó pọ̀ ti gba iṣẹ́ ẹ̀ báyìí, ọ̀kan péré ló kù, mi ò tíì lè lé ìyẹn lọ.

Oṣù kan àkọ́kọ́, kò sí nǹkankan. Lọ́sẹ̀ keje, gìgísẹ̀ mi kanlẹ̀ nígbà tí mo lóṣòó. Lóṣù karùn-ún mo dìde láìfọwọ́ kanlẹ̀, mo pariwo débi pé aládùúgbò mi gbá ògiri. Kílò 5 péré ni mo sọ̀. Ẹni tó bá ń wo òṣùwọ̀n nìkan á ní mo ṣe lásán. BP mi ti di 131 lórí 84, nọ́ọ̀sì ní kí n máa bọ̀, mo sì ń lọ. Ẹ má tìtorí èyí da oògùn yín nù o. Èmi kì í ṣe dókítà oníṣègùn. Dókítà tèmi, bó bá jáde, ti ìtàn ni.

Máàkì mi ti di 8. Orúnkún òsì ló ń jẹ méjì tó kù, ọ̀kan ní jíjókòó, ọ̀kan ní dídìde. Àbúrò mi kejì máa ṣe ìdána tiẹ̀ ní Disẹ́ńbà, ilé náà la máa wà. Ẹ yọ tábìlì kúrò láàárín pálọ̀ yín lálẹ́ yìí, kí ẹnìkan dúró tì yín bí orúnkún bá ń dùn yín tàbí bí ẹ bá ti lé ní àádọ́ta, kẹ́ ẹ jókòó sílẹ̀, kẹ́ ẹ dìde, kẹ́ ẹ wá sọ iye tẹ́ ẹ gbà fún mi. Ẹ má purọ́.