Kámẹ́rà Olójú Méjì Kì í Ṣe Ohun Ẹ̀rín

Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni àwọn ọ̀dọ́ ti tún ń wá kámẹ́rà oní-fíìmù kiri. Ohun tí àwọn bàbá wọn gbé jù sí abẹ́ ibùsùn nígbà tí kámẹ́rà inú fóònù dé ni àwọn ọmọ ń fi owó rà padà báyìí. Kò sí ohun tó burú nínú èyí rárá. Ẹni tó bá ń gbé Mowé tàbí Ìbafò, tó sì ti rí bí fọ́tò ọdún márùn-ún ṣe ń pòórá lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí fóònù bọ́ sínú omi, tàbí tí olè já a gbà lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kò ní í béèrè ìdí rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yan kámẹ́rà náà ni ẹjọ́ wà nínú rẹ̀.

Ẹ wo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tó ti tọ́jú owó pamọ́ fún oṣù mẹ́fà. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé ta ni òun fẹ́ yà, níbo ni òun yóò ti yà á, kí ni òun yóò sì fi àwòrán náà ṣe. Kò bi ara rẹ̀ ní ọ̀kan nínú wọn. Orúkọ ló ń wá. Ó ti gbọ́ pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ń lo Canon AE-1, ó sì ti pinnu pé AE-1 ni òun yóò rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì fọwọ́ kan kámẹ́rà kankan rí yàtọ̀ sí ti fóònù. Bí oníṣòwò tòkunbọ̀ bá wá gbé Yashica olójú méjì síwájú rẹ̀, ẹ̀rín ni yóò fi dá a lóhùn: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ti ayé àwọn bàbá wa àgbà kọ́ rèé?" Ẹ̀rín yẹn kò tọ́, àìmọ̀kan ló sì bí i.

Kámẹ́rà olójú méjì kò ṣòro láti ṣàpèjúwe. Àpótí kékeré kan ni, ojú kan wà lókè, òmíràn wà nísàlẹ̀. Ti òkè ni ayàwòrán fi ń wo ẹni tó fẹ́ yà. Ti ìsàlẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà bọ́ sára fíìmù. Dígí kan wà nínú rẹ̀ tó ń gbé ohun tí ojú òkè rí sórí gíláàsì pẹlẹbẹ kan, ibẹ̀ ni ayàwòrán sì ń wò láti òkè. Ọ̀tún di òsì nínú gíláàsì náà. Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì tó ń há ẹ̀kọ́ nípa dígí sórí yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i níbẹ̀ láìsí wàhálà. Ilé iṣẹ́ Franke & Heidecke ní ìlú Braunschweig ní Jámánì ló gbé Rolleiflex jáde ní 1929, òun sì ni ọ̀pọ̀ àwọn yòókù wò ṣe tiwọn. Àwọn ará Jàpáánì ṣe Yashica, owó rẹ̀ kò tó ti Rolleiflex rárá. Èyí tí òkìkí rẹ̀ pọ̀ jù nínú wọn, Yashica Mat-124G, wà lórí àtẹ láti 1970 títí di 1986. Irú kámẹ́rà yìí ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán ilẹ̀ Yorùbá fi jẹun, tí wọ́n fi kọ́lé, tí wọ́n fi rán ọmọ níléèwé, nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò ní ju aṣọ ìkélé kan àti àga kan lọ.

Wọn kò ṣèèṣì yàn án. Ohun tí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín kò rí ni pé kámẹ́rà yìí bá ìwà ilẹ̀ Yorùbá mu ju èyí tí wọ́n ń gbé sójú lọ. Ẹni tó bá gbé kámẹ́rà ojú kan sójú ti fi irin bo ojú ara rẹ̀ níwájú ẹni tó ń yà, ó sì ń na ojú kámẹ́rà sí i bí ẹni tó fẹ́ yìnbọn. Ẹni tó bá gbé ti olójú méjì sí àyà yóò tẹrí ba kó tó ríran. Ẹ jẹ́ kí á fojú inú wò ó: ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan dúró níwájú ìyá àgbà ẹni ọgọ́rin ọdún ní Ifọ̀, orí rẹ̀ sì tẹ̀ wálẹ̀ síhà ọ̀dọ̀ ìyá náà ní gbogbo àsìkò tó fi ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá sì gbé orí sókè láti bá ìyá sọ̀rọ̀, ojú yóò ko ojú, irin kankan kò ní sí láàrin wọn. Ọmọ tí wọ́n kọ́ láti kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí àgbà yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí, ìyá náà pẹ̀lú yóò sì mọ̀ ọ́n.

Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Nítorí pé àyà tàbí ikùn ni kámẹ́rà náà ń dúró sí, kì í wo ènìyàn láti òkè bọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó jókòó máa ń hàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó jókòó sórí àga ọlá. Ní 1975, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague lọ sí Ìlá-Ọ̀ràngún láti wo bí àwọn ayàwòrán ibẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì tẹ ohun tó rí jáde nínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978. Ó ṣàpèjúwe irú àwòrán tí àwọn àgbà ń fẹ́: kí ènìyàn kọjú síwájú gbọnrangandan, kí ó wọ aṣọ ńlá rẹ̀, kí ọwọ́ méjèèjì wà lórí itan tàbí orúnkún, kí agbádá tàn ká, kí ojú má sì rẹ́rìn-ín ṣákálá. Ó fi èyí wé ohun tí àwọn agbẹ́gilére ń pè ní jíjọra, pé kí ère jọ ènìyàn níwọ̀nba, kó má jọ ọ́ jù, kó má sì ṣàìjọ ọ́. Àwòrán bẹ́ẹ̀ kò bójú mu tí wọ́n bá sáré yà á láti òkè orí. Ó ń fẹ́ kámẹ́rà tó lè dúró jẹ́ẹ́ ní ibi àyà, àti ẹni tó ní sùúrù.

Ẹni tó bá sì rò pé àwọn tí kò rówó ra nǹkan tó dára jù ló ń lo irú kámẹ́rà yìí, kí ó rántí Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó di babaláwo, tí wọ́n sì sọ ní Fátúnbí. Rolleiflex ló gbé kọ́rùn nígbà tó ń ya àwọn olórìṣà ní ilẹ̀ Yorùbá, ní Dahomey àti ní Bahia. Àwọn àwòrán náà ṣì wà lónìí, àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń tú wọn wò.

Ẹ jẹ́ kí á wá sórí fíìmù fúnra rẹ̀. Fíìmù tí kámẹ́rà olójú méjì ń jẹ ni wọ́n ń pè ní 120. Ó ti wà láti 1901, wọ́n sì ń ṣe é títí di òní. Nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà ní gígùn àti ní ìbú. Ti kámẹ́rà kékeré, èyí tí wọ́n ń pè ní 35mm, jẹ́ mìlímítà 24 ní 36. Ti olójú méjì ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ. Kì í ṣe ìṣirò lásán nìyí. Nẹ́gẹ́tíìfù kékeré kò wúlò títí tí ayàwòrán kò fi ní ẹ̀rọ tó ń sọ ọ́ di ńlá, ẹ̀rọ náà sì ń fẹ́ iná mànàmáná. Èyí tó tóbi ṣeé gbé lé orí bébà nínú yàrá òkùnkùn, kí wọ́n ṣí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i, ìbáà jẹ́ ti fìtílà, kí fọ́tò tó ṣeé fi sínú álíbọ́ọ̀mù sì jáde. Ó tún fẹ̀ tó fún ayàwòrán láti fi pẹ́ńsùlù tún ojú ṣe lórí rẹ̀. Àwọn bàbá tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ti yanjú ọ̀rọ̀ iná kí àwọn tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ tó dáyé.

Ọgbọ́n wọn kò sì mọ síbẹ̀. Sprague kọ nípa fọ́tò ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó yà wọ́n pọ̀, tí àwọn méjèèjì sì jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ayàwòrán yóò ya èyí tó kù, yóò sì tẹ nẹ́gẹ́tíìfù kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jókòó pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni wọ́n bí, wọn yóò wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tó kù, wọn yóò yà á, wọn yóò wọ aṣọ obìnrin fún un, wọn yóò tún yà á. Ère ìbejì ni àwọn ìyá ìgbàanì ń gbé pọ̀n. Ayàwòrán gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ agbẹ́gilére, ó sì fi òkùnkùn, omi àti bébà ṣe é. Olùkọ́ èdè Yorùbá tó bá ń kọ́ni ní àṣà ìbejì, tí kò sì mẹ́nu ba èyí, ti fi ìdajì ìtàn sílẹ̀.

Àwọn alátakò ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu tí kò ṣeé sẹ́. Fíìmù 120 kan kì í ju àwòrán 12 lọ nínú kámẹ́rà olójú méjì, fíìmù 35mm ń fúnni ní 36. Owó fíìmù sì kì í ṣe owó kékeré. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ kan wà tí olójú méjì kò lè sáré bá. Ẹni tó ń ya àwọn olùjọ́sìn níbi àpéjọ ńlá tó ń wáyé lójú ọ̀nà Mowé àti Ìbafò, tàbí tó ń lé ìyàwó tuntun kiri gbọ̀ngàn, kò ní àyè láti máa tẹrí ba wo gíláàsì. Kí ó ra kámẹ́rà ojú kan. Ṣùgbọ́n kí ó tún fi ọgbọ́n rà á. Canon AE-1 tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀, èyí tó jáde ní 1976, kò lè ya àwòrán kan ṣoṣo bí bátìrì bá kú, bátìrì rẹ̀ kì í sì í ṣe irú èyí tó wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù àdúgbò. Ọdún kan náà ni Pentax K1000 jáde, wọ́n sì ṣe é títí di 1997. Bátìrì rẹ̀ kò ju ti aago tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ lọ, kámẹ́rà náà yóò máa ṣiṣẹ́ bí bátìrì kò tilẹ̀ sí. Zenit-E ti àwọn ará Soviet kò nílò bátìrì kankan, ó sì lágbára bí odó. Ta ló wá sọ fún ọmọ Ìbafò pé AE-1 ló ga jù wọ́n lọ? Ẹni tí bátìrì kì í wọ́n lọ́wọ́ ni.

Ti owó fíìmù náà, àwòrán 12 ni yóò kọ́ ọmọ láti ronú kó tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún ààyè nínú fóònù kì í béèrè orúkọ ẹni tó ń yà.

Ìkìlọ̀ kan wà tí ó tọ́ sí àwọn tó fẹ́ràn ohun ìgbàanì pẹ̀lú, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ohun tó ti pẹ́ ló yẹ ní rírà. Kodak Brownie D ni J. D. 'Okhai Ojeikere, ẹni tó kú ní 2014, fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950, kó tó di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ nítorí àwòrán irun dídì àwọn obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ sí yà ní 1968. Ọmọ tó bá ka ìtàn yìí lè fẹ́ ra Brownie bẹ́ẹ̀ láti fi bọlá fún un. Fíìmù 620 ni ó ń jẹ, Kodak sì ti dẹ́kun ṣíṣe é ní 1995. Ẹni tó bá rà á yóò máa wé fíìmù 120 sórí igi 620 nínú òkùnkùn. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Kí ènìyàn tó béèrè iye tí wọ́n ń ta kámẹ́rà, kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń jẹ.

Ẹ wo ìwé ìkéde òkú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri láti Ifọ̀ dé Mowé. Mélòó nínú wọn ni wọ́n ya fún ẹni tó kú? Wọ́n gé orí bàbá kúrò nínú fọ́tò ìgbéyàwó ẹlòmíràn, etí gèlè ẹni tó dúró tì í ṣì wà léjìká rẹ̀, ojú rẹ̀ ti fọ́n nítorí pé inú fóònù ni wọ́n ti fà á jáde. Ọkùnrin tó fi ọgọ́rin ọdún gbé ilé ayé, tó bí ọmọ mẹ́jọ, tí gbogbo wọn ní fóònù! Ifọ̀ jẹ́ ìlú tí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti ń gbà kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, tí ẹ̀ka kan sì tún yà níbẹ̀ lọ sí Ìdógò ní 1930. Àwọn àgbà ibẹ̀ ní ìtàn lẹ́nu. Ní Mowé àti Ìbafò, ọ̀pọ̀ ló kó wá láti Èkó nítorí owó ilé, àwọn mìíràn kò sì ní fọ́tò ìyá wọn kan lára ògiri pálọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé ìwé gbọ̀ngbọ̀n. Yashica kan ṣoṣo tó fún kíláàsì kan. Kí olùkọ́ pín fíìmù kan fún akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá, àwòrán kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ó sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ títí tí yóò fi kọ orúkọ àgbà náà, ìlú rẹ̀ àti oríkì rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ̀kọ́ ìmọ́lẹ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú: bí òòrùn bá ràn gan-an, tí fíìmù jẹ́ 125, kí wọ́n fi ihò ojú kámẹ́rà sí 16, kí wọ́n fi ìyára sí ìdá kan nínú 125 ìṣẹ́jú àáyá. Kò sí ohun tí bátìrì ń wá níbẹ̀.

Nígbà tí ọmọ náà bá wá dé iwájú oníṣòwò tòkunbọ̀, kí ó má tijú. Kí ó ní kí wọ́n ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà. Kí ó gbé e sókè sí ojú ọ̀run, kí ó di ìlẹ̀kùn ìmọ́lẹ̀ mú ní ṣíṣí sílẹ̀, kí ó sì wo inú gíláàsì ojú méjèèjì: bí ó bá rí nǹkan funfun tó ta bí òwú aláǹtakùn, gíláàsì náà ti bu, ọ̀rinrin ti bà á jẹ́. Kí ó fi ìyára sí ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ó tẹ̀ ẹ́, kí ó sì fetí sí i bóyá yóò pa padà lásìkò tàbí yóò há. Kí ó yí ohun tó ń wé fíìmù, kó mọ̀ bóyá ó ń yọ̀. Oníṣòwò lè sọ pé wọn kì í ṣí i, pé ìmọ́lẹ̀ yóò bà á jẹ́. Fíìmù ni ìmọ́lẹ̀ ń bà jẹ́. Kámẹ́rà tó ṣófo kò ní ohun tí ìmọ́lẹ̀ lè fi ṣe. Bí kò bá gbà síbẹ̀síbẹ̀, kí ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún un, kí ó kí i pé ó dàbọ̀, kí ó sì wọ ọkọ̀ Ìbafò lọ sílé pẹ̀lú owó rẹ̀.