Ilé kan, ayálégbé púpọ̀: ta ló ń ṣọ́ sítì ẹgbẹ́ wa?

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó bá fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ ní Kòtónu, Àbíjàn, Libreville tàbí Paris mọ ohun tó ń lọ nílé, sítì ló ń ṣí báyìí. Orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń bẹ níbẹ̀, nọ́ḿbà tẹlifóònù wọn ń bẹ níbẹ̀, nọ́ḿbà MoMo tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sí náà ń bẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo gan-an ni sítì ọ̀hún ń gbé, ta ló sì ń bá a gbé?

Sítì kì í gbé lófuurufú. Inú kọ̀ǹpútà ńlá kan tí kì í sùn tọ̀sán tòru ló ń gbé, òun ni wọ́n ń pè ní serveur. Ẹgbẹ́ abúlé kò lówó serveur tara rẹ̀, ààyè ló ń yá lọ́wọ́ hébergeur, ó ń san owó lọ́dọọdún. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ni èyí tí ọgọ́rùn-ún sítì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, jọ ń gbé inú serveur kan. Ilé ayálégbé náà ni: géètì kan, kànga kan, yàrá púpọ̀. Kò burú, owó wa ló mọ bẹ́ẹ̀. Ẹ sáà mọ̀ pé bí ará yàrá kejì bá gbàgbé ilẹ̀kùn sílẹ̀, olè tó bá tibẹ̀ wọlé lè má dúró síbẹ̀.

Èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún ọ̀pọ̀ sítì ni PHP, tí Rasmus Lerdorf gbé jáde ní 1995. Òun ni wọ́n fi kọ WordPress tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń lò. Tí ẹnìkan bá ṣí sítì, serveur á ka àṣẹ PHP, á sì ṣe ohun tí àṣẹ wí. Orúkọ ta ló fi ń ṣe é? Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Nínú ètò àtijọ́, orúkọ kan ṣoṣo ló fi ń ṣe ti gbogbo ayálégbé, bí ẹni pé kọ́kọ́rọ́ kan ló ń ṣí gbogbo yàrá. Nínú WordPress, fáìlì wp-config.php ló tọ́jú kóòdù ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ sítì wà. Serveur gbọ́dọ̀ lè kà á kí sítì tó ṣí. Bó bá jẹ́ orúkọ kan náà ni, àṣẹ tí olè fi sínú yàrá kejì lè ka tiwa pẹ̀lú. A ò ṣe àṣìṣe kankan, olè sì ti dé yàrá wa. Ó lè má kó nǹkan kan o. Ó kàn lè yí nọ́ḿbà MoMo padà, kí owó ẹgbẹ́ máa gba ibòmíì lọ. Oṣù mélòó ni kí akápò tó fura?

Àwọn tó ń ṣe PHP fi ìdènà kan tí wọ́n pè ní safe_mode sí i nígbà kan. Wọ́n padà rí i pé inú PHP kọ́ ló yẹ kí wọ́n ti máa ṣọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò ní 2012. Lónìí, hébergeur tó mọ iṣẹ́ a máa lo PHP-FPM, á fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀ àti yàrá tirẹ̀. Open_basedir náà wà, ọgbà lásán nìyẹn, kì í ṣe ògiri.

Kì í ṣe àwa kékeré nìkan ni èyí ń bá. Ní oṣù kẹta 2015, olè gba ojú ihò kan nínú PHP àtijọ́ wọ 000webhost, ilé iṣẹ́ tó ń fún ènìyàn láàyè lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà náà. Oníbàárà tó ju mílíọ̀nù 13 ni orúkọ, ímeèlì àti kóòdù wọn bọ́ sóde, kóòdù tí wọn ò tilẹ̀ fi nǹkan bò. Oṣù kẹwàá ni ayé tó gbọ́.

Tí wàhálà bá dé, ọmọ tó ṣe sítì là ń bú. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Code du numérique ti Bẹ̀nẹ̀, òfin 2017-20 ti 20 oṣù kẹrin 2018, àti òfin 2019-014 ti Tógò, ẹni tó kó orúkọ àti nọ́ḿbà àwọn ènìyàn jọ ni wọ́n ní kó dáàbò bò wọ́n. Ẹgbẹ́ gan-an nìyẹn, hébergeur ì báà ní ẹ̀bi tiẹ̀.

Ìwé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò yẹ kó wà lórí sítì rárá. Nọ́ḿbà MoMo, ẹni tó bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ kó kọ́kọ́ pe akápò. Ẹ sọ fún ọmọ tó ń tọ́jú sítì kó má fi fáìlì kankan sí 777, bí wọ́n bá tilẹ̀ sọ ọ́ fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì: 777 ni pé ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú serveur lè kọ ohun tó wù ú síbẹ̀. Kí fáìlì jẹ́ 644, kí wp-config.php jẹ́ 600 níbi tí oníbàárà bá ti ní orúkọ tirẹ̀. Ibi tí wọ́n ń kó fọ́tò sí, kí PHP má lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Kí ẹ tó san owó ọdún tó ń bọ̀, ẹ kọ ìbéèrè méjì sí hébergeur. Ṣé orúkọ tiwa ni PHP wa fi ń ṣiṣẹ́? PHP èwo ló wà lórí serveur? PHP 7.4, láti oṣù kọkànlá 2022 làwọn tó ṣe é ti ṣíwọ́ dídí ihò rẹ̀. Bí èsì tó wá bá jẹ́ « Ne vous inquiétez pas, c'est sécurisé », kò tíì dá yín lóhùn.