Òtútù Nìkan Kọ́
Ẹ rántí Kérésìmesì ọdún 2022 ní Amẹ́ríkà. Òtútù burúkú já wọ Denver àti Chicago, yìnyín bo pápákọ̀ òfurufú. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú yòókù ti ń fò. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Southwest ṣì ń fagi lé ìrìn àjò, ó lé ní 16,000! Kọ̀ǹpútà tó ń pín iṣẹ́ fún àwọn awakọ̀ òfurufú wọn kò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́. Fóònù ni wọ́n fi ń wá ara wọn. Ṣé ojú ọjọ́ la ó di ìyẹn rù? Ìjọba bu ìtanràn 140 mílíọ̀nù dọ́là lé wọn ní 2023. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ wọn ti pariwo kọ̀ǹpútà yẹn tipẹ́.