Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Igba Kà

Ọ̀rọ̀ owó kíkà ni mo mú wá. Ó ná mi lówó kí n tó mọ̀ ọ́n.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo lọ sọ́dọ̀ màmá àgbà n'Ìbàdàn. Ẹ̀wà ni wọ́n ń tà lọ́jà Bódìjà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n fẹ́ lọ kí aláìsàn kan, wọ́n ní kí n bá àwọn dúró ti ọjà. "Kóńgò olóyin kan, ẹgbẹ̀jọ ni o. Kò gbọdọ̀ dín." Mo ní, "Ẹ̀n, mà." Ká ní wọ́n sọ ọ́ lédè Òyìnbó ni, kò ní rú mi lójú. Mo ti há ẹgbèje àti ẹgbẹ̀jọ sórí rí fún ìdíje, àmọ́ mi ò mọ èwo ni èwo mọ́. Ojú sì ń tì mí láti bèèrè, ṣebí èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ Yorùbá!

Bí mo ṣe ń ta kóńgò kan ní 1,400 náírà nìyẹn. Mo ti ta mẹ́fà kí wọ́n tó dé. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Igba kan ló lọ lórí kóńgò kan. Igba mẹ́fà, ẹgbẹ̀fà nìyẹn." Ojú mi là. Àṣé igba ni gbogbo ẹ̀! Igba mẹ́ta, ẹgbẹ̀ta, 600. Igba mẹ́rin, ẹgbẹ̀rin, 800. Igba márùn-ún, ẹgbẹ̀rún, 1,000. Igba méje, ẹgbèje, 1,400. Igba mẹ́jọ, ẹgbẹ̀jọ, 1,600. Igba mẹ́wàá ni ẹgbàá, 2,000. Igba méjì nìkan ló ní orúkọ tirẹ̀: irínwó, 400.

Owó ẹyọ ló fara hàn níbẹ̀. Ní 1887, Adolphus Mann, míṣọ́nnárì ará Jámánì tó gbé Ìjàyè, kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kà á: wọ́n á máa fa ẹyọ ní márùn-ún márùn-ún títí á fi pé ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì á di igba. Ẹgbàá mẹ́wàá ló ń kún àpò kan, ìyẹn ọ̀kẹ́ kan, 20,000.

Èrò tèmi ni pé bá a ṣe ń kọ́ni lẹ́gbẹ́ wa kò tó. A ń há orúkọ sórí, a kì í sọ bí wọ́n ṣe so pọ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó jẹ́ Urhobo àti Ìjọ̀ ló ń jìyà ẹ̀ jù, torí lójú wọn, ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó bá ti lè ka ení, èjì, ẹ̀ta dé ẹ̀wá ti mọ ìdajì ẹ̀ ná.

Àwọn kan á ní "ẹgbẹ̀rún kan àti ẹgbẹ̀ta" rọrùn ju ẹgbẹ̀jọ lọ. Mi ò bá wọn jà. Tó bá kan mílíọ̀nù, èmi náà á kà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀jọ ni àwọn ìyá wa ń pè é lọ́jà, wọn ò sì ní yí i padà torí tiwa. Ní Warri níbí, Píjìn la fi ń ná gbogbo nǹkan. Tá ò bá pè é nínú ẹgbẹ́, ibo la ti fẹ́ pè é?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ní gbogbo ìpàdé. Ká gé pépà bíi náírà igba-igba, kí ẹnì kan máa tò ó sílẹ̀, ká jọ máa pè é títí dé ẹgbàá, ká sì tún kà á padà sẹ́yìn. Tó bá ti yọ̀ mọ́ wa lẹ́nu, ká wá máa yọ ọgọ́rùn-ún kúrò: ẹgbẹ̀ta dín ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, 500, ẹgbẹ̀rin dín ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, 700. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìsinmi tó ń bọ̀, mo máa padà sídìí ẹ̀wà màmá àgbà. Iye yòówù kí wọ́n pè, mi ò ní dín owó wọn mọ́.