Scooby-Doo: Ẹ Fi Ẹ̀rí Hàn Wá Kí Ẹ Tó Ṣí Ìbòjú

Àwọn kan ní kíláàsì wa máa ń sọ pé bí èèyàn bá ti wo ìpín kan ṣoṣo nínú Scooby-Doo, ó ti wo gbogbo ẹ̀ tán. Ọ̀rẹ́ mẹ́rin àti ajá kan wọ ọkọ̀, iwin yọ sí wọn, wọ́n sá, wọ́n dẹ tàkúté, wọ́n mú iwin, wọ́n ṣí ìbòjú, èèyàn ni. Ó parí. Èmi ò gbà. Lóòótọ́ bẹ́ẹ̀ ni ìtàn náà ṣe máa ń lọ, ṣùgbọ́n ìka ò dọ́gba. Àwọn ìpín kan dára gan-an, àwọn kan sì ń rẹ́ wa jẹ. Kì í ṣe bí iwin náà ṣe ń dẹ́rù bani tó ló mú ìyàtọ̀ wá. Ẹ̀rí ni.

Joe Ruby àti Ken Spears ló ṣẹ̀dá eré yìí fún iléeṣẹ́ Hanna-Barbera ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 13, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1969 ló kọ́kọ́ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ wo ìpín àkọ́kọ́ yẹn. Wọ́n ń gbé ẹ̀wù irin dúdú ti jagunjagun ayé àtijọ́ kan lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń gbé e bọ̀ di àwátì. Kò pẹ́, ẹ̀wù irin bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri fúnra ẹ̀. Níkẹyìn, Ọ̀gbẹ́ni Wickles, alábòójútó ibẹ̀, ni wọ́n bá nínú ẹ̀wù náà. Ó ń ta ojúlówó àwòrán, ó sì ń fi ayédèrú rọ́pò wọn.

Ṣùgbọ́n a ti rí Wickles láti ìbẹ̀rẹ̀. A ti rí i pé àwòrán kan pòórá lára ògiri. A ti rí yàrá ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ti ń fi ọ̀dà ya àwòrán. Bí o bá la ojú ẹ dáadáa, o lè dá a mọ̀ ṣáájú Velma. Bí o ò bá sì dá a mọ̀, wàá káwọ́ lérí ni: “Háà, iwájú mi náà ló wà!” Adùn ibẹ̀ nìyẹn.

Bákan náà ni ti Miner Forty-Niner, iwin awakùsà tó ń lé èèyàn kúrò ní Gold City. Hank tó ń bójú tó ibẹ̀ ló wà lẹ́yìn ìbòjú, torí epo rọ̀bì tó rí nínú ibi ìwakùsà. Ẹni tí a mọ̀ ni, ìdí tó fi ṣe é sì yé wa.

Ẹ wá wo “Hassle in the Castle,” tó jáde lọ́dún 1969 kan náà. Iwin ń gba inú ògiri kọjá nínú ilé olódi kan ní erékùṣù. Ó dùn ún wò, mi ò purọ́. Ìgbà tí wọ́n ṣí ìbòjú, wọ́n ní Bluestone the Great ni, pidánpidán tí ọlọ́pàá ń wá. Ta ni yẹn? Ibo la ti pàdé ẹ̀? Wọ́n ṣàlàyé idán tó ń pa, ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n kò sí bí olùwòran ṣe lè mọ̀ pé òun ni. Ìdánwò tí wọn ò kọ́ wa nìyẹn!

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Scrappy-Doo, tó dé lọ́dún 1979, ló ba eré náà jẹ́. Ẹ fi ajá kékeré yẹn sílẹ̀ jàre. Ìbàjẹ́ gan-an dé lọ́dún 1980, nígbà tí Fred, Daphne àti Velma kúrò nínú àwọn eré kéékèèké tí wọ́n ń ṣe. Ta ló kù tó máa wá ẹ̀rí? Nígbà tó sì di 1985, nínú The 13 Ghosts of Scooby-Doo, iwin di iwin gidi. Ní ilẹ̀ wa, a kì í ṣí eégún lójú. Ṣùgbọ́n iwin inú Scooby-Doo, ṣíṣí yẹn gan-an ni ẹwà ẹ̀. Bí kò bá sí èèyàn lábẹ́ ìbòjú, kí la wá ń ṣèwádìí sí?

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, “Kàtúùnù ọmọdé lásán nìyẹn, ẹ̀rín la bá lọ.” Èmi náà ń rẹ́rìn-ín bí Shaggy àti Scooby bá ń jẹun bí ẹni tí ò jẹun lóṣù kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ ìṣírò kan sọnù ní kíláàsì wa ní táàmù tó kọjá, kí ẹnikẹ́ni tó wá abẹ́ dẹ́sìkì, orúkọ ọmọkùnrin kan ti gba ẹnu gbogbo wa. Ẹ̀rí wo? Pé òun ló jáde gbẹ̀yìn. Àwọn kan tiẹ̀ ń pòwe: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ọjọ́ kejì ni a rí ẹ̀rọ náà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Títí di òní, àwọn kan ṣì máa ń di báàgì wọn mú bí ọmọ náà bá ń kọjá. Bluestone tiwa nìyẹn: a kàn wá ojú kan tí a fi ìbòjú bò.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ìpín tó dáa ń kọ́ wa ní nǹkan. Ó ń kọ́ wa pé kí a bi ara wa ta ló jàǹfààní, kí la fojú rí, kí sì ni a kàn gbọ́ lẹ́nu èèyàn. Ìpín tí ò dáa ń kọ́ wa pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá nàka sí ni ọ̀daràn.

Nítorí náà, bí ẹ̀yin àti àbúrò yín bá tún ń wo Scooby-Doo, ẹ dá a dúró kí wọ́n tó ṣí ìbòjú. Ẹ bi wọ́n pé, “Ta ni? Báwo lo ṣe mọ̀?” Bí kò bá sí ìdáhùn nínú ohun tí ẹ ti wò, ẹ̀bi àbúrò yín kọ́, ti òǹkọ̀wé ni. Ẹ kọ orúkọ ìpín tí ẹ gbà pé ó dáa jù sínú ìwé, kí ẹ sì jù ú sínú àpótí Ẹgbẹ́ Oníròyìn. Ẹ má gbàgbé láti kọ ẹ̀rí yín sí i o.